Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hellevi àti Tábìlì Saimi

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hellevi kò ta.

Ó ti lé lọ́dún kan tí ìró yẹn ti ń jáde nídìí tábìlì oúnjẹ ní ilé Tiippana. Bí Hellevi bá ti gé búrẹ́dì dúdú sẹ́nu, oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ta kọ́, bí igi gbígbẹ tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Tauno, bàbá ọkọ rẹ̀, máa ń gbójú sí ojú fèrèsé nígbàkigbà tí ó bá gbọ́ ọ. Ó máa ń bí i nínú. Nínú ilé yẹn, bí ènìyàn bá ń jẹun, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó mu kọfí rẹ̀ dé ìdajì kí ó tó mọ̀ pé òun ń retí nǹkan kan tí kò dé. Ó gbé ojú sókè.

Búrẹ́dì Hellevi wà níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe fi bọ́tà ra á, kò gé e jẹ. Ó ń ya etí búrẹ́dì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń rì í bọ inú kọfí, ó sì ń fi ìka tì í gba àárín eyín wọlé, bí ẹni tí ń ki aṣọ bọ ihò ògiri.

"Kí ló dé tí o kò jẹun?" Jouko, ọkọ rẹ̀, béèrè. Ó ti wọ bàtà omi rẹ̀ tán, ó fẹ́ máa lọ síbi ọkọ̀.

"Kò ṣí," Hellevi wí. Ètè rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò mì.

"Kí ni kò ṣí?"

"Ẹnu mi."

Jouko fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó padà wá. "Ya á, jẹ́ kí n wò ó. Ya á dáadáa. Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn? Bàbá, ẹ wá wò ó, ìka mi kan ṣoṣo ló lè wọ ibẹ̀! Ìka kan!"

"Mo rí i," Tauno wí.

"Oṣù márùn-ún!" Jouko lu tábìlì, ṣíbí fò kúrò nínú ṣúgà. "Oṣù márùn-ún ni dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ó lọ sọ́dọ̀ Marketta Sorsa, obìnrin tó ń fi eré ìdárayá wo ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò pè. Wọn ò kọ lẹ́tà. Àwọn èèyàn yẹn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gba owó oṣù, wọn ò tiẹ̀ rántí pé èèyàn kan ń jẹ́ Hellevi."

"Jouko," Hellevi wí láàárín eyín.

"Má sọ̀rọ̀, ó ń dùn ọ́. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ lónìí."

Tauno yí ife rẹ̀ padà díẹ̀ lórí àwo, kí etí ife náà lè kọjú sí ògiri.

Wọ́n ti pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Tẹlifóònù dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan ló sì wà nínú ilé. Ohùn obìnrin kan sọ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún Hellevi Tiippana ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni múìkù, ẹja wẹ́wẹ́ adágún wa, ń wọ àwọ̀n lọ́pọ̀ yanturu. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ní gbogbo etí omi. Tauno wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú ilé ẹja, ó tẹ̀ ba lórí tábìlì. Ó ní: "Kò ní ráàyè wá. Ẹ fún ẹlòmíràn tí tirẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ." Obìnrin náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú, ó tilẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rò pé ìwà ọmọlúàbí ni òun hù. Ní abúlé wa, ojú máa ń ti ènìyàn láti gba ipò tí ẹlòmíràn lè nílò ju tirẹ̀ lọ, a kì í sì í fẹ́ yọ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Hellevi nígbà oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ gbogbo wọn ní alẹ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó la ẹnu. Ní ọjọ́ kejì, kò rọrùn láti sọ ọ́ mọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di irọ́.

Jouko ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yí nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà náà nígbà gbogbo.

"Mọ́tò ẹja ń bọ̀ ní agogo méjì," Tauno wí, ó dìde. "Bí ẹ bá ń pariwo báyìí, ẹja yóò bàjẹ́."

"Ẹja?" Jouko wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, ìyàwó mi ò lè la ẹnu."

Tauno dé fìlà rẹ̀. Nígbà tí ó gba ẹ̀yìn Hellevi kọjá, ó rí ọrùn rẹ̀. Orí obìnrin náà yọ síwájú bí orí ẹyẹ odò, ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn sì ti yọ gegele kan. Kò mọ ìgbà tí ìyẹn ti wà níbẹ̀.

*

Impi Kosonen, aládùúgbò wọn tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn afárá ọkọ̀, ti wà nínú ilé ẹja kí wọ́n tó pè é. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì kúrú. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí omi yẹn tí kì í gbọ́ kí ẹni tó ni ín tó gbọ́. Ó ti wé aṣọ mọ́ orí, ó ti ń fi àtàǹpàkò ya ikùn ẹja, ó ń fa ìfun jáde, ó ń ju ẹja sínú garawa. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ẹnu rẹ̀ náà kò dúró.

"Wọ́n ní ẹnu rẹ ti tì," ó wí bí Hellevi ṣe wọlé. "Ìyàwó, ọkùnrin mélòó ní abúlé yìí ni yóò máa gbàdúrà fún irú ìyẹn nínú ilé tirẹ̀!"

Hellevi fi ojú rẹ́rìn-ín. Ó dúró sí ààyè rẹ̀ ní òdìkejì, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Má bínú, eré ni mo ń ṣe. Ó dùn ọ́ púpọ̀? Mi orí, má sọ̀rọ̀. Ó dé etí? Ó dé etí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí irú ẹ̀ rí, ọbẹ̀ nìkan ló fi ń gbé ẹ̀mí ró títí ó fi kú." Ó wo Hellevi látòkè délẹ̀. "Wò ó bí o ṣe tẹ̀, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì nínú yìnyín. Èmi, tábìlì yìí bá mi mu bí ìgbà tí wọ́n fi mí wọ̀n ọ́n. Saimi pẹ̀lú. Tauno, ṣé o rántí bí a ṣe máa ń dúró níbí, èmi àti Saimi, bí ọmọ ìyá kan náà?"

"Mo rántí," Tauno wí. Ó ń da yìnyín sínú àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Òun ló kan tábìlì náà, ní ọdún tí ó gbé Saimi níyàwó. Saimi kò ga ju abíyá rẹ̀ lọ. Ó mú un dúró lórí pákó, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgúnwọ́, ó sì gé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin mọ́ ibẹ̀. Ìgbà òtútù méjì ti kọjá lórí sàréè Saimi báyìí. Hellevi ga ju ọkọ rẹ̀ pàápàá lọ. Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, Jouko mú igi mẹ́rin wá láti fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì náà ga. Tauno sọ pé, "Tábìlì Saimi nìyẹn." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jouko kó igi rẹ̀ padà, ó fi dáná.

"Àwọn ará ilé ìwòsàn yẹn ni kí ẹ bi," Impi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ ò rí àbúrò Kyllikki, tí wọ́n ní kí ó máa retí ìpè nítorí orúnkún? Ó jókòó ti fóònù láti ìgbà yìnyín dé ìgbà èso. Kò lọ ilé ìyàgbẹ́ láìṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀! Ìgbà tí wọ́n máa pè, ó ti ń fi ọ̀pá méjì rìn. Ènìyàn ni wọ́n àbí òkúta? Ó yẹ kí ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Kí wọ́n dárúkọ wọn. Àbí irọ́ ni, Tauno?"

Tauno gbé àpótí náà. Kò wúwo tó bí ó ṣe fẹ́ kí ó wúwo.

"Tauno, mo ní àbí irọ́ ni?"

"Èmi ò mọ̀," ó wí. "Bóyá wọ́n pè."

"Wọ́n pè? Wọ́n pè ta ni? Ológbò?"

Hellevi gbé orí sókè. Ó wo bàbá ọkọ rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ya ikùn ẹja kan, lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ ba. Ibẹ̀ ni ìrora náà mú un. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìfun ẹja di iwájú etí rẹ̀ mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò ké. Ohun tí ì bá fi ké kò ṣí.

Jouko sáré láti etí omi. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àpótí ẹja mọ́kànlá tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ó wo bàbá rẹ̀.

"Èmi ni n ó fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn," Tauno wí kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀. "Ìwọ àti Impi, ẹ parí ẹja."

*

Ní ilé ìwòsàn ìlú, dókítà kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí Hellevi. Ó fún un ní oògùn ìrora, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ní iṣẹ́ Marketta Sorsa nìyí, àmọ́ ìlà ibẹ̀ gùn. Nọ́ọ̀sì kan tí ó rí ojú Hellevi mú ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó padà, ó ní kí wọ́n wá. Marketta yóò wò ó nígbà oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Marketta Sorsa kò tíì tó ogójì ọdún. Búrẹ́dì tí ó ti bù jẹ lẹ́ẹ̀kan wà nínú bébà lórí ojú fèrèsé. Ó nu ọwọ́.

"Kí bàbá náà wọlé," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé? Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ máa wò mí. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá mi rántí nílé."

Tauno jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó fi fìlà lé orúnkún.

Obìnrin náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ó ní kí Hellevi dúró, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, ìdí rẹ̀ kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ kàn án. Orí rẹ̀ kò kàn án. Marketta ki ọwọ́ sí àárín ògiri àti ẹ̀yìn orí Hellevi, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló wọ ibẹ̀, ó tún ku àyè.

"Orí ènìyàn wúwo tó garawa kékeré tí omi kún," ó wí. "Bí ó bá wà lórí ọrùn gan-an, ọrùn kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Bí ó bá yọ síwájú báyìí, ẹ̀yìn ọrùn ni yóò máa fà á kí ó má baà já. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sún sẹ́yìn, oríkèé rẹ̀ á há. Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ẹja," Tauno dáhùn fún un. "Múìkù. Ó ń yọ ìfun."

"Lórí tábìlì?"

"Lórí tábìlì."

"Ó ga tó ibo lára rẹ̀?"

Hellevi fi ọwọ́ hàn án. Ó gbé ọwọ́ náà sí ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Marketta wo ọwọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi àtàǹpàkò lé eyín ẹ̀yìn Hellevi, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fà á síwájú. Ó ṣe é pẹ́. Òógùn yọ lójú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó yọ ọwọ́, ìka Hellevi kan àti ààbọ̀ ló wọlé.

"Ó dára," Marketta wí. "Ẹ wò mí báyìí. Ẹ gbé ṣóńṣó ahọ́n sí àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, kí ó wà níbẹ̀. Ẹ máa mí gba imú. Ó tán. Èkejì: ẹ ya ẹnu, ahọ́n kò gbọdọ̀ kúrò lájà. Ibi tó bá dé, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ̀kẹta: ẹ fi ìka méjì ti àgbọ̀n díẹ̀, kí àgbọ̀n má gbà. Ìkẹrin: ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn tààrà, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹja tó ti rà sí nímú." Hellevi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà-mẹ́fà, ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń ṣe, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sí búrẹ́dì líle. Kò sì gbọdọ̀ tún tẹ̀ ba lórí tábìlì yẹn, Bàbá, bí ó ti wù kí ó rí."

"Ṣé yóò ṣí bíi ti tẹ́lẹ̀?" Tauno béèrè.

Marketta bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá ṣì ń ta, eré ìdárayá lè tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tó ti dákẹ́, tí kò sì ṣí, ọ̀nà rẹ̀ jìn. N kò lè ṣèlérí. Ìgbà wo ló dákẹ́?"

Hellevi tọ́ka sí ilẹ̀: òní.

Obìnrin náà jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ orúkọ wá. Ìka rẹ̀ dúró.

"Tiippana. Mo pè yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní àyè fún yín ní Ọjọ́bọ̀." Ó gbé ojú sókè, kò sí ẹ̀sùn nínú ohùn rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Ọkùnrin kan ló dáhùn. Ó ní kí n fún ẹlòmíràn. Mo tún bi í. Mo rò pé ẹ ti sàn ni."

Agogo ara ògiri ń lọ. Ní ìta, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá, àwo ń kọlu àwo. Tauno ń wo fìlà rẹ̀. Ó rí i pé òwú kan ti tú létí rẹ̀.

Hellevi kò wo ẹ̀yìn. Ó gba bébà tí wọ́n ya àwòrán eré ìdárayá sí, ó ká a sí méjì, ó sì tẹrí ba fún Marketta láti dúpẹ́.

*

Bí wọ́n ti ń padà sílé, mọ́tò gbé wọn dé ibi tí igbó páìnì ti parí kí Tauno tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Hellevi."

Obìnrin náà ń wo iwájú. Ètè rẹ̀ wà ní pípadé, ó ń mí gba imú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀. Tauno kò lè mọ̀ bóyá ìbínú ló mú un dákẹ́, tàbí ahọ́n rẹ̀ ló wà lájà ẹnu gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó dúró kí ó parí. Kò parí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtajà, Hellevi sọ̀ kalẹ̀, ó ra wàrà àti ìyẹ̀fun àgbàdo, ohun tí ọmọdé ń jẹ. Tauno na ọwọ́ láti gba àpò náà. Hellevi gbé e sórí itan ara rẹ̀.

*

Agogo mẹ́rin ni wọ́n jẹun. Mọ́tò ẹja ti lọ. Impi ló se ọbẹ̀. Ó ti gún ànàmọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti ṣa eegun ẹja kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó ti kọfí rẹ̀ nísinsìnyí, ojú rẹ̀ ń dán, nítorí pé òun àti Jouko ti ṣe nǹkan kan.

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ," ó wí.

Jouko yọ ìwé kan jáde, ojú méjèèjì ló ti kọ nǹkan sí. "Sí olóòtú," ó kà. "Ìyàwó mi jẹ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe alágbe. Obìnrin tí ń jẹ́ Marketta Sorsa jókòó lórí orúkọ rẹ̀ fún oṣù márùn-ún bí adìyẹ tó sàba lórí òkúta..."

"Èmi ni mo fi adìyẹ síbẹ̀," Impi wí.

"...kò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí, ìyàwó mi kò lè la ẹnu. Mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ obìnrin yìí, kí wọ́n sì bi í bí ó ṣe ń sùn." Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Mo ti fọwọ́ sí i. Hellevi, ìwọ ló kù. Ní ọ̀la, mo máa fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn."

Ó gbé kálàmù sí ẹ̀bá àwo ọbẹ̀ rẹ̀.

Hellevi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó mú kálàmù náà, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ kọjá àwo búrẹ́dì, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú Tauno. Ó tún mú ṣíbí rẹ̀.

"Kí ni Bàbá fẹ́ fi ṣe?" Jouko béèrè. "Bàbá kọ́ ni wọn ò pè."

Tauno ń wo kálàmù. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni pé òun náà ni eyín rẹ̀ kò ṣí.

"Ó pè."

"Ta ni?"

"Obìnrin yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ni mo gbé fóònù. Mo ní kí ó fún ẹlòmíràn."

Impi gbé ife sílẹ̀ láìjẹ́ kí ó dún.

"Ẹ ní kó ṣe kí ni?" Jouko wí.

"Ẹja ń wọlé nígbà náà."

"Ẹja ń wọlé."

"Mo rò pé ó lè dúró. Saimi, ọrùn dun òun náà, kò..."

"Ẹ má dárúkọ ìyá mi sí i!" Jouko ti dìde. "Láàárọ̀ yìí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, mò ń bú wọn, ẹ̀ ń yí ife! Mò ń yí nọ́ńbà, ẹ ń gbọ́! Hellevi, ṣé o mọ̀?"

Hellevi tọ́ka sí ilẹ̀, bí ó ti ṣe nílé ìwòsàn. Òní.

"Ó yẹ kí n lọ bọ́ ológbò mi," Impi wí. Ó dìde, ó wé aṣọ rẹ̀ mọ́ orí. Ní gbogbo ọdún tí ó ti ń wọ ilé yẹn, kò fi kọfí sílẹ̀ rí kí ó má mu ún tán. Gbogbo wọn gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì mọ ibi tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Jouko mú ìwé rẹ̀. Tauno rò pé yóò ya á. Kò ya á. Ó fi ìka sí ibi tí orúkọ Marketta wà.

"Orúkọ ta ni kí n wá kọ síbí báyìí, Bàbá?"

"Kọ tèmi," Tauno wí. Ó sún kálàmù náà sí i.

Jouko kò mú un. Ó jáde lọ sí etí omi láìwọ ẹ̀wù òtútù. Hellevi ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìró kankan lẹ́nu rẹ̀. Tauno jókòó tì í, ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Bí ìró kọ́ yẹn bá lè dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dá a lójú pé kò ní gbójú kúrò.

Kò dún.

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Tauno ṣí ilé ẹja. Ó fi omi gbígbóná fọ tábìlì Saimi, ó gbá ìpẹ́ kúrò, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní abẹ́ rẹ̀, òǹkà tí ó fi pẹ́ńsù kọ ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀n Saimi láti ilẹ̀ dé ìgúnwọ́, pẹ̀lú ọdún náà. Ó fi àtàǹpàkò gbá eruku orí rẹ̀ kúrò. Kò pa á rẹ́. Ó mú igi líle tó gbẹ dáadáa mẹ́rin, tí yóò kàn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, ó mú ayùn, ó sì rí i pé òun kò mọ ibi tí òun máa gé e dé.

Ó jáde láti lọ pè é. Hellevi ti wà níta, ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ẹja, gìgísẹ̀, ìdí, ẹ̀yìn. Bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn, ó ń dá a dúró, ó ń tú u sílẹ̀. Tauno kò dá a dúró. Ó ń kà á lábẹ́lẹ̀ títí ó fi pé mẹ́fà.

"Wá dúró sórí pákó," ó wí. "Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n."

Hellevi wò ó pẹ́. Ó ká bébà náà, ó fi sí àpò, ó wọlé, ó sì dúró lórí pákó.

Tauno kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Orúnkún rẹ̀ ké. Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó fi pẹ́ńsù wá ibi tí ìgúnwọ́ rẹ̀ yóò dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi kan láti ọdún pípẹ́, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ fúnra rẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Ṣé ibí?"

Hellevi wo pẹ́ńsù náà. Eyín rẹ̀ ṣí bí ó ti lè ṣí mọ, ìwọ̀n ìka kan àti ààbọ̀.

"Sókè sí i," ó wí.

Tauno gbé e sókè.

"Sókè sí i, Bàbá."

Ó dúró ṣánṣán lórí pákó náà, kò tẹ̀ láti pàdé ọ̀pá. Tauno na apá rẹ̀, ó sì gbé pẹ́ńsù sókè sí i.